Àjẹsára Rota tàbí Àjẹsára Ìgbẹ́ Gbuuru?

Ohun tí ojú rí ni “ìgbẹ́ gbuuru” ń sọ (ìró “gbuuru” pàápàá ti ṣàpèjúwe rẹ̀ tán); kò sọ kòkòrò tó fà á. Ọdún 2022 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní àjẹsára rotavirus. Bí ọmọ tó gbà á bá tún ń ṣu gbuuru, ìyá rẹ̀ lè ní iṣẹ́ kọ́ ni àjẹsára náà ṣe. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ norovirus, tí kò tíì ní àjẹsára. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀, GII.4 ló sábà máa ń le jù lára ọmọdé, pẹ̀lú èébì lemọ́lemọ́. Nítorí náà, “àjẹsára rota” ni mo fara mọ́, kì í ṣe “àjẹsára ìgbẹ́ gbuuru”.