Màlúù, Omi, Koríko àti Ìwé: Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́ ní Kétu

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ta ni ó ni màlúù ní abúlé yín? Ta ni ó sì ń dà á?

Ní ilẹ̀ Kétu, ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Àgbẹ̀ a ta àgbàdo tàbí ẹ̀pà, a fi owó rẹ̀ ra abo màlúù kan, a sì fà á lé Fúlàní lọ́wọ́ ní gáà. Fúlàní a máa fún wàrà màlúù náà, ìyàwó rẹ̀ a fi ṣe wàgàṣì tà lọ́jà. Bí màlúù bá bí, ọmọ jẹ́ ti àgbẹ̀. Ètò yìí ti pẹ́, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn láǹfààní.

Ṣùgbọ́n ẹ bi onímàlúù náà léèrè lẹ́yìn ọdún 10. Ẹ̀ẹ̀melòó ni màlúù rẹ̀ bí? Ọmọ mélòó ni ó kú? Ìgbà wo ni wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn? Kò mọ̀. Ohun tí Fúlàní bá sọ fún un ni ó mọ̀. Fúlàní náà lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí aáwọ̀ bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó kọ ohunkóhun sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ń sọ èyí tí ó rántí.

Nísinsìnyí àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Kétu, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ màlúù nílé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2013 ni ìjọba Benin dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu. Ní ọdún 2016 wọ́n sọ ọ́ di yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì gbé olú-ilé rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́. Síbẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan kù sí Kétu, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn. Ní Àjàṣẹ́ kan náà ni ilé ẹ̀kọ́ Songhaï wà, èyí tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ọwọ́ ara wọn roko, tí wọ́n ń sin ẹran, tí wọ́n sì ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná.

Àwọn àgbà inú yín lè rántí oko ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba yí ètò ẹ̀kọ́ padà ní ọdún 1975, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa ṣiṣẹ́ oko pẹ̀lú ìwé. Àwọn kan ka oko yẹn sí ìyà. Ìdí nìyẹn tí òbí mìíràn fi ń bínú lónìí pé: “Ṣé kí ọmọ mi lè máa da màlúù ni mo ṣe rán an lọ sí ilé-ìwé?” Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ọmọ náà ń kọ́ ná.

Ọgbà màlúù ni wọ́n ń kọ́. Ọgbà màlúù ni ilẹ̀ tí a sọ ọgbà yí ká, tí màlúù ń gbé inú rẹ̀ tí ó ń jẹ, tí kò fi ní ohun tí yóò wá lọ sí oko olóko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó màlúù ni a kọ́kọ́ ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni a kọ́kọ́ ń wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kétu mọ̀ bí omi ti ṣòro tó. Orí òkè títẹ́jú ni a wà, omi abẹ́ ilẹ̀ wa jìnnà gan-an. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin lè fi ìdajì àárọ̀ wá omi tí ilé rẹ̀ yóò lò. Màlúù kan ṣoṣo sì lè mu omi lítà 30 lóòjọ́, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Màlúù 10 yóò mu lítà 300 lóòjọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá jẹ́ ọjọ́ 120, yóò di lítà 36,000. Dúrọ́ọ̀mù ńlá kan ń gba lítà 200. Nítorí náà a nílò dúrọ́ọ̀mù omi 180 kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ta ni yóò pọn ọ́n? Ẹni tí kò bá tíì rí ìdáhùn ìbéèrè yìí, kí ó má ì ra màlúù 10. Kí ó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga tàbí adágún. Bí kò bá lágbára rẹ̀, kí ó ra màlúù 2.

Lẹ́yìn omi, koríko. Màlúù kékeré tí ó wọn kílò 200 yóò jẹ koríko tútù bíi kílò 20 lóòjọ́. Nígbà òjò, koríko wà níbi gbogbo. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹjọ́ wà, nítorí ìgbà náà ni màlúù ń wọ oko gbáguda. A ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Màlúù yóò jẹ apá kan fún ìgbà díẹ̀, a ó sì kó o lọ sí apá kejì kí koríko ti àkọ́kọ́ lè hù padà. Wọ́n tún ń kọ́ bí a ṣe ń gé koríko nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó, tí a ó sá a gbẹ, tí a ó sì kó o pamọ́ síbi tí òjò kò lè dé.

Àwa àgbẹ̀ ní oúnjẹ màlúù tí a ń dà nù. Lẹ́yìn ìkórè, ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ dára púpọ̀ fún un. Àwa a máa dáná sun wọ́n! Èèpo gbáguda náà dára, ṣùgbọ́n kí á sá a sí oòrùn fún ọjọ́ 2 tàbí 3 kí á tó fún un. Èèpo tútù, pàápàá ti gbáguda kíkorò, ní májèlé tí ó lè pa ẹran.

Irú màlúù wo ni kí á rà? Àwọn kéékèèké kan wà tí kò ní iké, tí ìwo wọn kúrú. Ìhà ọ̀sà ni wọ́n ti wá, orúkọ wọn ni lagunaire. Eṣinṣin tsetse ń gbé àìsàn tí ń mú màlúù rù títí yóò fi kú, ṣùgbọ́n lagunaire ń fara da àìsàn náà. Màlúù funfun oníké tí ó ń bọ̀ láti ìhà àríwá ga, ó sì tóbi, ṣùgbọ́n kò lè fara dà á bẹ́ẹ̀. Màlúù Borgou jẹ́ àdàlù màlúù tí kò ní iké àti màlúù oníké. Ìjọba dá ọgbà lagunaire sílẹ̀ ní Samiondji ní agbègbè Zagnanado, tí kò jìnnà sí Kétu, wọ́n sì dá ti Borgou sílẹ̀ ní Okpara lẹ́bàá Parakou. Lójú tèmi, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ tìtorí títóbi ra màlúù.

Ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: kí dókítà ẹran gún un lásìkò. Àrùn kan wà tí ó run màlúù Áfíríkà láàárín ọdún 1890 sí 1900, tí ebi sì pa àwọn onímàlúù. Abẹ́rẹ́ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọdún 2011 ni wọ́n kéde pé ó ti tán pátápátá ní gbogbo ayé.

Ó wá ku ìwé, èyí tí ó kan ẹ̀yin gan-an. Olúkúlùkù màlúù inú ọgbà ní ojú-ìwé tirẹ̀. Ẹ ka èyí sókè:

Màlúù nọ́ńbà 14. Abo, dúdú, ó ní funfun níwájú orí.
Ìyá rẹ̀: nọ́ńbà 6.
A bí i: 12/9/2021.
Abẹ́rẹ́: 20/11/2022 àti 18/11/2023.
Akọ gùn ún: 5/3/2024.
A ń retí ọmọ: 13/12/2024.

Báwo ni a ṣe mọ ọjọ́ tí yóò bí? Oyún màlúù ń tó ọjọ́ 283, ìyẹn oṣù 9 àti bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó kọ ọjọ́ gígùn sílẹ̀ yóò wà nítòsí nígbà tí màlúù bá ń rọbí. Yóò rí i pé ọmọ náà mu wàrà àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 6, nítorí wàrà yẹn ni ó ń gbà á lọ́wọ́ àìsàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ màlúù tí a ní “àyànmọ́” ni ó pa, àìmu wàrà yìí ni ó pa wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Fúlàní. Fúlàní a máa wo màlúù lókèèrè, a sì mọ èyí tí ara rẹ̀ kò yá. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé yóò ti kọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ayé ń yí padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ìjọba Benin ṣe òfin lórí dídaran: ọ̀nà tí màlúù yóò gbà, ibi tí yóò ti mu omi, àti bí a ó ṣe parí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran. Ní ìparí ọdún 2019 wọ́n fi òfin de àwọn agbo ẹran tí ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé wá jẹko. Àwọn ọmọ Fúlàní náà ń wá ibi tí wọn yóò jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì mọ̀wé.

Ìṣirò àti ìbéèrè

1. Baba kan ní màlúù 6. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu omi lítà 30 lóòjọ́. Lítà mélòó ni wọn yóò mu ní ọjọ́ 120? Dúrọ́ọ̀mù mélòó ni?

2. Akọ gun màlúù kan ní 10/4. Ọjọ́ wo ni kí á máa retí ọmọ rẹ̀?

3. Bí ẹ bá ní abo màlúù kan ní gáà, kí ni ẹ ó bi Fúlàní tí ń tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó lè kọ ojú-ìwé rẹ̀? Ẹ kọ ìbéèrè 5.