Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́jọ́ Lẹ́yìn Ph.D.: Kí Ni Kí Ọmọ Wa Ṣe?

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, Ph.D., ní Zaria àti níbòmíràn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan rí iṣẹ́ ìwádìí ọdún méjì gbà ní yunifásítì kan lókè òkun. Bàbá rẹ̀ ní, "Kọ́ńtíráàtì? Kò lọ!" A kò bá Alhaji jà, nítorí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún. Láti àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Àríwá ní kí ọmọ Àríwá ṣíwájú nínú iṣẹ́ ìjọba, kọ́ńtíráàtì ni wọ́n sábà ń fún ọmọ Gúúsù. Nínú àwọn bàbá wa ní Tudun Wada, àwọn kan ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó.

Ṣùgbọ́n ti àwọn onímọ̀ yìí yàtọ̀. Ẹ wo ọmọ iṣẹ́ tó ti ṣe fíríìdọ̀mù, tó tún lọ bá ọ̀gá mìíràn ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tàbí kí ẹ wo àwa ọmọ ilé kéú: lẹ́yìn wòlímọ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di kítáábù mú lọ́dọ̀ áàfáà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni postdoc. Owó wà níbẹ̀, ọjọ́ ìparí sì wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Èrè ńlá rẹ̀ ni orúkọ ọmọ lórí ìwádìí tí a tẹ̀ jáde.

Níbo ni wọ́n ti ń rí i? Kò wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà; olùkọ́ àgbàdúró ni yunifásítì wa sábà ń gbà. IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, máa ń gba irú wọn fún ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní Jámánì, àjọ Alexander von Humboldt ń fún wọn ní oṣù 6 sí 24, ṣùgbọ́n Ph.D. onítọ̀hún kò gbọdọ̀ tíì ju ọdún 4 lọ. TWAS tún wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Trieste ní Ítálì ní 1983. Ó ń rán onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà lọ sí òmíràn.

Kí ọmọ má jókòó de ìkéde nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò gbà á lálejò ni kí ó kọ́kọ́ wá. Láìsí irú ẹni bẹ́ẹ̀, Humboldt kò ní gba ìwé rẹ̀. Kí ó ka ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti kọ, kí ó wá kọ lẹ́tà ojú ewé kan: èyí tí òun ti ṣe rèé, èyí tí òun fẹ́ wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ rèé. Lẹ́tà kan náà tí a fi ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn, ọjà tí a ń kiri láìmọ ẹni tí ń rà á ni. Kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú.

Àwa oníṣòwò mọ ìbéèrè tó kù. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú? Aya àti ọmọ ńkọ́? Bí ó bá ní iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣé wọn yóò yọ̀ǹda rẹ̀ kí ó lọ kí ó bọ̀, àbí kí ó kọ̀wé sílẹ̀? Kí ìwé ìyọ̀ǹda náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í ṣe rìsíìtì. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ sanwó kí òun tó bá yín gba fọ́ọ̀mù, ẹ sá fún un.

Àyè ti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ti bọ́. Alhaji ti wá ní kí a mú ìwé Humboldt wá lọ́jọ́ Àìkú kí a jọ kà á. Ọdún kẹta tí ọmọ náà ti gba Ph.D. rèé.