KÁÀDÌ ỌLỌ́DÚN KAN FÚN PÁÀKÌ ÌJỌBA: KÍ LÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀, KÍ NI KÒ SÍ NÍBẸ̀?

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ dìde, ó ní ọmọ òun tó wà ní Houston tẹ òun láago. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ẹ ṣáà ti máa bọ̀, mo ti ra káàdì páàkì ọlọ́dún kan, gbogbo ibi la máa dé." Ìyá wa ní òun kò mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé páàkì tí òun mọ̀ ni ibi tí dánfó ti ń kó èrò. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ó hàn pé àwa tó ń rẹ́rìn-ín gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ní ó jọ físà. Ẹlòmíràn ní owó oúnjẹ àti owó ibi tí wọ́n á sùn ti wà nínú rẹ̀. Ni wọ́n bá ní kí àwa tó ń kọ ìwé yìí lọ wádìí rẹ̀ wá. Ohun tí a rí nìyí.

Páàkì tí à ń wí yìí ni igbó àti ilẹ̀ tí ìjọba pààlà sí, kí ẹranko, igi àti odò ibẹ̀ má baà run. Àwọn bàbá wa a máa pe irú rẹ̀ ní igbó ọba. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa, nítorí ọ̀kan wà nílẹ̀ Yorùbá. Old Oyo National Park ni wọ́n ń pè é, ìjọba àpapọ̀ ló sì sọ ọ́ di páàkì ní 1991. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Nínú rẹ̀ ni àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú Aláàfin àtijọ́ tí ogun mú kí wọ́n kó kúrò ní àwọn ọdún 1830. Odò Ògùn gba inú páàkì náà kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ gba Abẹ́òkúta, kó tó wá já sínú ọ̀sà lápá ọ̀dọ̀ wa yìí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ra ẹja lẹ́bàá ọ̀sà ní Ìpakodò, omi tí ẹran igbó ọba ti mu ló ń dé ọ̀dọ̀ yín. (Ẹ̀yin ẹlẹ́ran ìgbẹ́, ẹ má bínú o: kò sáyè ọdẹ níbẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń gbé igbá wá lọ́jọ́ ọjà nìkan, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn ló máa san. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù, owó ọdún ló máa san. Bí òjò rọ̀ tí kò wá, bí ara rẹ̀ kò yá tó sùn sílé oṣù méjì, owó ti lọ, wọn ò ní dá kọ́bọ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni káàdì páàkì. Ẹni tí kò ní káàdì á sanwó lẹ́nu géètì nígbàkígbà tó bá lọ. Ẹni tó ní i ti sanwó lẹ́ẹ̀kan, á máa wọlé títí ọdún á fi yí. Èrè wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń lọ léraléra. Ẹni tí yóò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ra àpò ìrẹsì nítorí àlejò kan ni.

Amẹ́ríkà ni káàdì yìí ti gbilẹ̀ jù. Láti 1965 ni wọ́n ti ń ta irú rẹ̀, dọ́là 7 ni nígbà náà. Èyí tó wà níta báyìí bẹ̀rẹ̀ ní 2007, America the Beautiful ni orúkọ rẹ̀, dọ́là 80 sì ni fún ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà. Kì í ṣe páàkì kan ṣoṣo ló wà fún o. Ibi tó lé ní 2,000 tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ sí. Níbi tí wọ́n ti ń gba owó lórí mọ́tò, káàdì kan á gbé ẹni tó ni ín àti gbogbo ẹni tó bá a jókòó nínú mọ́tò ilé wọlé. Níbi tí wọ́n ti ń ka orí, á gbé òun àti àgbàlagbà mẹ́ta mìíràn. Ọmọ ọdún 15 sísàlẹ̀ kì í sanwó.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wa. Àwọn páàkì tó lókìkí, bíi Grand Canyon àti Yellowstone, dọ́là 35 ni wọ́n ń gbà lórí mọ́tò kan, ẹ sì lè fi wọlé wọ̀de fún ọjọ́ 7. Páàkì kan, 35. Méjì, 70. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò tíì kó owó káàdì rẹ̀. Ìgbà tó bá dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló jẹ 105, ibẹ̀ ni èrè ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn kó tó náwó: ibi mélòó la máa dé? Àti pé ṣé wọ́n tilẹ̀ ń gbowó níbẹ̀? Ibi tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ páàkì wọn ju 400 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni kì í gba owó ẹnu ọ̀nà rárá. Ẹni tó lọ ra káàdì nítorí ibi tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àbí kí la fẹ́ pe ìyẹn?

Ohun kan tún yí padà tó kan àwa tí à ń lọ láti ilé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026, dọ́là 80 yẹn wà fún ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà nìkan. Àlejò láti òkè òkun, dọ́là 250 ni tirẹ̀. Páàkì 11 tí èrò pọ̀ sí jù sì wà, tí Grand Canyon àti Yellowstone wà lára wọn, tí àlejò tí kò ní káàdì, tó ti pé ọdún 16, á san dọ́là 100 lé owó géètì. Ẹ ò rí i pé ìṣirò ti yàtọ̀? Àlejò kan tó dé ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn 11 yìí á san 135, káàdì 250 kò yẹ ẹ́. Àlejò mẹ́ta nínú mọ́tò kan á san 335, káàdì ló dára fún wọn. Ọmọ tó ń gbé ibẹ̀, tó fẹ́ fi káàdì tirẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ láti Nàìjíríà wọlé, kó pe páàkì náà kó béèrè ìlànà wọn kí ẹ tó gbéra. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, kì í ṣe láti Ìpakodò sí Ìkòròdú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa, ó fún wa láyè ká sọ ọ́, ó ní kí a ṣáà má dárúkọ òun. Ní 2023, ó lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ra káàdì, wọ́n ní kí ìyá fọwọ́ sí i lẹ́yìn, inú rẹ̀ dùn, ó fọwọ́ sí i. Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n dé kó tó padà wálé. Ó wo káàdì, ó rí i pé oṣù mẹ́jọ ṣì kù lórí rẹ̀. Onísòwò kì í fi ojú kan ọjà rere kó jù ú nù, ló bá fi í sílẹ̀ de àbúrò rẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí àbúrò dé géètì, wọ́n ní kó mú ìwé tó ní fọ́tò rẹ̀ wá. Ó mú pásípọ́ọ̀tù jáde. Orúkọ ò bá orúkọ mu. Òṣìṣẹ́ náà kò jà, kò pariwo, ó kàn ní káàdì yìí kì í ṣe tìrẹ, ẹ sanwó. Wọ́n san 35. Ìyá wa ní ohun tó dun òun kì í ṣe 35 yẹn, bí kò ṣe pé gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn ń wo àbúrò òun bí olè. Káàdì náà kò ṣeé fún ẹlòmíràn, kò ṣeé yá, kò ṣeé tà. Bó bá sọnù, òmíràn lẹ máa rà. Kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ tó ń parí náà ní ọgbọ́n nínú. Ìparí oṣù tí ẹ rà á, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ló ń kú. Ẹni tó rà á ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà àti ẹni tó rà á ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, ọjọ́ kan náà ni tiwọn máa parí. Ẹ rà á níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ má sì rà á títí ọjọ́ ìrìn fi sún mọ́lé.

Owó ìwọlé ni o, ìwọlé nìkan. Owó àgọ́ tí ẹ máa sùn sí, owó ọkọ̀ ojú omi, owó ẹni tó ń mú èrò káàkiri, oúnjẹ, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Ẹ fi etí sí ìyẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fẹ̀sùn kan ọmọ wọn pé ó purọ́.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ ti gba green card fún, tiyín dẹ̀ jù. Ẹni tó bá ti pé ọdún 62, tó jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card, lè ra ti àgbà ní dọ́là 20 fún ọdún kan, tàbí dọ́là 80 títí ayé. Ẹni tó bá ra ti ọdún kan nígbà mẹ́rin lè kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ fi gba ti títí ayé. Ẹni tó lọ pẹ̀lú físà àlejò kò lè gba èyí, bó ti wù kí orí rẹ̀ funfun tó.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yín kò gùn. Páàkì ìjọba ní Ìlú Ọba kò ní géètì, kò sí owó ìwọlé. Ènìyàn ń gbé inú wọn, wọ́n ń dáko níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń san lọ́dọọdún níbẹ̀ ni owó ẹgbẹ́ National Trust, tó ti wà láti 1895. Mẹ́ńbà rẹ̀ kì í sanwó láti wọ àwọn ilé àti ọgbà ẹgbẹ́ náà, kì í sì í sanwó ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń ta káàdì ìwọlé páàkì Ìlú Ọba fún yín, ẹ di àpò yín mú. Ní South Africa, Wild Card ni tiwọn ń jẹ́, ti ẹnì kan wà, ti tọkọtaya wà, ti ìdílé wà, ti àlejò sì yàtọ̀ sí ti onílé.

Nílé ńkọ́? Ní Old Oyo, ẹni tó dé ló ń sanwó ìwọlé. Ẹ gba rìsíìtì. Lekki Conservation Centre tó wà lódì kejì ọ̀sà lọ́hùn-ún kì í ṣe páàkì ìjọba, ti Nigerian Conservation Foundation ni, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980. Afárá orí igi tó wà níbẹ̀ gùn ní mítà 401. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kó dúró nísàlẹ̀ máa wo ọ̀bọ.

A ka gbogbo èyí sétí ìyá ẹlẹ́ja wa kí a tó kó o lọ tẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló pe Houston. Ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé ibi mélòó ni wọ́n fẹ́ dé. Ọmọ ní ẹyọ kan. Ìyá wa ní, "Wá méjì kún un o. Dọ́là ọgọ́rin kì í ṣe owó ata."