Ẹ̀kọ́ Kẹrin: Ta Ló Ń Tọ́jú Máàpù Ibi Tí Ẹ Ti Ń Dìbò?

Èrò ẹ̀kọ́ yìí: Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí, olùdìbò tuntun yóò lè dárúkọ àwọn àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, yóò lè sọ ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa pín in láàárín ara wọn, yóò sì lè yẹ ibùdó ìdìbò tirẹ̀ wò.

1. Àwọn tó ni àkọsílẹ̀

Ní ayé àtijọ́, pèrègún ni àwọn baba ńlá wa ń gbìn sí ààlà oko. Bí àríyànjiyàn bá dé, wọ́n á ké sí àgbà tí ó ṣojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbìn ín. Lónìí, ààlà kan ṣoṣo lè wà nínú ìwé ọ́fíìsì mẹ́fà:

• Ọ́fíìsì Olórí Awọnlẹ̀ Orílẹ̀-èdè ló ń ya máàpù tí gbogbo máàpù yòókù dúró lé.
• Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni àkọsílẹ̀ súfèè àti C of O wà.
• Àjọ Ààlà Orílẹ̀-èdè ló ń bójú tó ààlà láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀.
• Àjọ ètò ìkànìyàn ló ń gé ìlú sí ẹkùn kéékèèké kí ìkànìyàn tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a ṣe kẹ́yìn wáyé ní 2006.
• Àjọ NASRDA ló ń bójú tó sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òfuurufú. Ọdún 2003 ni a fi NigeriaSat-1 ránṣẹ́.
• Àjọ INEC ló ń pín ẹkùn ìdìbò, òun ló sì ń ya ibùdó ìdìbò sọ́tọ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwé Òfin 1999 pàṣẹ pé kí iye ènìyàn inú àwọn ẹkùn ìdìbò súnmọ́ ara wọn bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. INEC kò lè ṣe èyí láìgba iye ènìyàn lọ́wọ́ àjọ ìkànìyàn. Àjọ ìkànìyàn pẹ̀lú kò lè ka ènìyàn láìní máàpù. Bákan náà, àjọ ìdìbò ìpínlẹ̀, tó ń ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀, kì í dá ìwé orúkọ olùdìbò ṣe; ti INEC ni ó ń lò.

2. Bí àkọsílẹ̀ kò bá bá ara wọn mu

Ẹ wo Ojodu, níbi tí Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìpínlẹ̀ Ògùn ti fara kan ara wọn. Ilé so mọ́ ilé débi pé àlejò kò lè mọ ibi tí ìpínlẹ̀ kan parí sí. Àmọ́ ẹni tó wà ní apá Èkó kò lè dìbò yan gómìnà Ògùn.

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni Ìwé Òfin kà fún Èkó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ẹkùn ìdàgbàsókè 37 kún un, Ojodu sì jẹ́ ọ̀kan tí a yọ lára Ikeja. Máàpù ìpínlẹ̀ wá ní 57, ti INEC ṣì ní 20. Ọ̀dọ́ tó bá ń wá «Ojodu» láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí INEC tò kò ní rí i. Abẹ́ «Ikeja» ni yóò wò. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé wọ́n ti yọ orúkọ òun kúrò, kí ó sì jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò.

3. Bí a bá tún àkọsílẹ̀ ṣe

Láti 1996 títí di 2021, nǹkan bí 120,000 ni ibùdó ìdìbò wa, bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò tuntun ń hù lójoojúmọ́. Ní 2021, INEC sọ ọ́ di 176,846, ó sì kó 749 kúrò níbi tí kò yẹ, títí kan ilé aládàáni àti ààfin. Ibi tí ìlú ti gbilẹ̀ ni ibùdó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Máàpù tó péye nìkan ló lè fi ibẹ̀ hàn.

4. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí ó jẹ́ tiyín

Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Ẹ kà á báyìí:

Méjì àkọ́kọ́: ìpínlẹ̀ (Èkó ni 24, Ògùn ni 27)
Méjì tó tẹ̀ lé e: ìjọba ìbílẹ̀
Méjì mìíràn: wọ́ọ̀dù
Mẹ́ta ìkẹyìn: ibùdó fúnra rẹ̀

Bí méjì àkọ́kọ́ kò bá bá ibi tí ẹ ń gbé mu, tàbí bí ẹ bá ti kó lọ sí àdúgbò mìíràn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì INEC ní ìjọba ìbílẹ̀ yín láti béèrè fún ìyípadà kí ọjọ́ ìdìbò tó súnmọ́. Bí wọ́n bá sì lẹ ìwé orúkọ síta fún àyẹ̀wò, ẹ lọ wò ó. Àwọn ọ́fíìsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ni máàpù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń gbé orí ilẹ̀ náà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí àṣìṣe inú rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Àjọ wo ló ń bójú tó ààlà láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀?
2. Kí nìdí tí olùgbé Ojodu ní Èkó fi gbọ́dọ̀ wo abẹ́ Ikeja?
3. Ẹ kọ nọ́ńbà ibùdó ìdìbò yín sílẹ̀. Kí ni ìpín kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí?