ORÚKỌ ILÉ EPO ÀTI ÌRÌN ỌKỌ̀: Bí A Ti Í Mọ Epo Tí Ó Wọ́n àti Èyí Tí Kò Wọ́n

Níbi gbogbo tí awakọ̀ bá ti pàdé, wọn a máa jiyàn lórí bẹntiróòlù. Àwọn kan a ní epo ilé epo kan a máa pẹ́ nínú ọkọ̀, àti pé ti ilé epo kejì kì í pẹ́ tán. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ kọjá ilé epo mẹ́ta kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ èyí tí ọkàn wọn yàn.

Iyàn náà kò kéré. Kí Ìjọba Àpapọ̀ tó mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní ìparí oṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2023, iye tí ìjọba fi sí lítà kan kò tó ₦200. Nígbà tí ó fi di ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Owó tí awakọ̀ bá fi ṣòfò lórí epo, orí owó ọkọ̀ ni yóò bọ́ sí. Láti ibẹ̀ ni yóò sì ti dé orí iṣu àti gàrí tí à ń kó lọ sí ọjà. Ó tọ́ nígbà náà kí a wádìí òtítọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí.

1. ORÚKỌ LÈ YÀTỌ̀ KÍ EPO MÁ YÀTỌ̀

Àwọn àgbà kò tí ì gbàgbé Esso. Ní ọdún 1976 ó di Unipetrol, Unipetrol sì di Oando ní ọdún 2003. Bákan náà ni BP di African Petroleum ní ọdún 1979. Àwọ̀ ilé àti àkọlé ni ó yí padà. Bẹntiróòlù ni wọ́n ń tà síbẹ̀.

Táńkà oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ a sì máa tò sí ibùdó epo kan náà láti rọ epo, bí irú àwọn tí ó wà ní Àpápá ní Èkó. Ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹntiróòlù ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2024, pẹ̀lú ń ta epo fún àwọn oníṣòwò tí orúkọ wọn yàtọ̀ síra. Nítorí náà, epo ilé epo méjì tí ó dojú kọ ara wọn lè ti inú àgbá kan ṣoṣo wá.

2. OHUN TÍ Ó LÈ MÚ EPO YÀTỌ̀

Èkíní ni oògùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń pò mọ́ epo láti fi fọ inú ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 2016, AAA, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ní Amẹ́ríkà, dán epo tí oògùn rẹ̀ pọ̀ wò pẹ̀lú èyí tí tirẹ̀ kéré. Wọ́n rí i pé ìdọ̀tí tí epo kejì ń fi sílẹ̀ lè dín ìrìn ọkọ̀ kù ní 2 sí 4 nínú 100 bí ó bá pẹ́. Èyí kì í hàn ní ọjọ́ kan.

Èkejì ni àdàlù. Agbára tí ó wà nínú lítà kan ọtí methanol kò ju nǹkan bí ìdajì ti bẹntiróòlù lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí methanol inú rẹ̀ ti pọ̀ jù wọ Nàìjíríà. Ó ba ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, a sì ní láti kó o kúrò lọ́jà. Àwọn oníjìbìtì mìíràn a máa da kẹrosíìnì mọ́ bẹntiróòlù.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀n tí a ń pè ní octane. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ó bá ti ga tó ni epo ṣe ń pẹ́ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n náà ń sọ bí epo ti lè ṣe é tó tí kò fi ní gbiná ṣáájú àkókò nínú ẹ́ńjìnnì. Ní ọdún 2016 kan náà, AAA rí i pé ọkọ̀ tí a ṣe fún epo lásán kò jèrè kankan nínú epo olówó gọbọi. Ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ bá kọ ni kí a rà.

3. BÍ A TI Í ṢE ÌṢIRÒ

Kí awakọ̀ rọ epo kún, kí ó sì kọ iye kìlómítà tí aago ọkọ̀ kà sílẹ̀. Kí ó rìn títí epo yóò fi lọ sílẹ̀ dáadáa, kí ó tún rọ ọ́ kún dé ibi àkọ́kọ́. Kí ó fi iye lítà tí ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì pín kìlómítà tí ó rìn. Bí ọkọ̀ bá rìn 300 kìlómítà, tí ó sì gba lítà 25, kìlómítà 12 ni lítà kan gbé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi epo mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ lórí 300 kìlómítà:

Epo A, ₦900 ní lítà, rin kìlómítà 12 ní lítà kan: gbogbo owó rẹ̀ jẹ́ ₦22,500.

Epo B, olórúkọ ńlá, ₦960 ní lítà, rin kìlómítà 12.2: ó lé ní ₦23,600.

Epo D, àdàlù, ₦870 ní lítà, rin kìlómítà 11: ó lé ní ₦23,700.

Epo B pẹ́ nínú ọkọ̀ ju A lọ ní tòótọ́, síbẹ̀ ó gbówó jù ú lọ; kí ó tó bá A dọ́gba, ó ní láti rin kìlómítà 12.8. Epo D tí ó dà bí ẹni pé ó pọ̀ ni ó wá wọ́n jù lọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iye owó kìlómítà kan ni kí a máa wò, kí a má wo orúkọ tàbí owó lítà nìkan.

Kí a ṣe ìdánwò yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta fún epo kọ̀ọ̀kan, ní ojú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú irú ẹrù kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè tan ni jẹ.

4. KÍ A TÓ DÁ EPO LẸ́BI

Bí ẹ̀rọ ilé epo bá ka lítà 10, tí lítà 9 péré sì wọ inú ọkọ̀, yóò dà bí ẹni pé epo náà kì í pẹ́. Ẹni tí ó bá fura lè ní kí a wọn epo sínú agolo òṣùwọ̀n lítà 10 lójú òun, ní ìta gbangba tí kò sí iná. Àjọ NMDPRA, tí òfin epo ọdún 2021 dá sílẹ̀, ní agbára láti ti ilé epo tí ń rẹ́ni jẹ pa.

Táyà tí kò gba afẹ́fẹ́ tó, pílọ́ọ̀gì tí ó ti gbó, asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó dí, ẹrù àpọ̀jù àti eré àsápajúdé, gbogbo wọn ni ń jẹ epo. Ẹni tí kò tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, kò sí ilé epo tí ó lè gbà á.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ IYÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Ọ̀kadà kan fi lítà 4 rin 160 kìlómítà. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦900, èló ni kìlómítà kan?

2. Èwo nínú ohun mẹ́ta tí ń mú epo yàtọ̀ ni kò lè hàn nínú ìdánwò ọ̀sẹ̀ kan? Kí ni ó fà á?

3. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá epo ni ó burú tàbí ẹ̀rọ tí ó wọ̀n ọ́n?