Ìjàpá Tí Kò Ṣíná Nínú Ooru

Bí Volkswagen Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó lọ́dún 1975, bá ti Ọ̀wọ̀ dé Ifọ́n lọ́sàn-án gangan, tí a pa á, tí a tún yí kọ́kọ́rọ́, ó lè dún "kà" lásán kó má ṣíná. Ọ̀pọ̀ á sáré ra sítátà tuntun. Owó ṣòfò ni, ó sì dùn mí.

Wáyà ló sábà ń fà á. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà, ẹ̀yìn náà ni sítátà wà, ṣùgbọ́n iná tó ń jí sólẹ́nọ́ìdì, ìyẹn swíìṣì ara sítátà, gbọ́dọ̀ gba wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìdí kọ́kọ́rọ́ níwájú, kó tó padà. Ìpẹtà ń jẹ nínú iná fóòtì 12 náà lójú ọ̀nà, ooru ẹ́ńjìnnì sì ń dá kún un.

Rilée, ìyẹn swíìṣì kékeré tí iná díẹ̀ ń jí, ni oògùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì. Ẹ so ojú 30 mọ́ wáyà bátìrì tó nípọn lára sítátà, kí fíúùsì wà láàárín. 87 mọ́ sólẹ́nọ́ìdì. 86 mọ́ wáyà tó ti ìdí kọ́kọ́rọ́ wá. 85 mọ́ irin ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti fọ ojú wáyà tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀ ná: bí ìyẹn bá dípẹtà, rilée kò lè ràn yín lọ́wọ́.