Ó Wo Oko, Ó sì Rà Á: Ẹ̀kọ́ fún Obìnrin Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ sí Í Ra Ilẹ̀

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 32:6–15, Òwe 31:16
Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tó yẹ kí obìnrin ṣe kí ó tó fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀.

Ìfáàrà

Lọ́dọọdún ni a máa ń ka Òwe orí 31 ní Ọjọ́ Àwọn Ìyá. A máa ń yin obìnrin náà pé ó ń tètè jí, ó sì ń bọ́ ará ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa ń sáré kọjá ẹsẹ 16, níbi tí a ti rí i pé ó wo oko kan dáadáa, ó rà á, ó sì fi èrè ọwọ́ rẹ̀ gbin àjàrà. Ẹ kíyè sí i: ó kọ́kọ́ wò ó kí ó tó rà á. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọsẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ ẹ̀kọ́ yìí kọsẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ra ilẹ̀, mo kó owó àjọ ọdún méjì fún ọmọ ẹbí kan tó mú mi lọ wo pulọ́ọ̀tì kan. Ó fún mi ní rìsíìtì, mo sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí mo kó yanrìn débẹ̀ ni olórí ẹbí sọ pé òun kò mọ̀ mí rí. Ẹni tó gbowó ti sá lọ. N kò rí owó, n kò sì rí ilẹ̀. Ọgbọ́n tí mo fi owó rà ni mo fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Àpẹẹrẹ Jeremáyà

Nígbà tí Jeremáyà ra oko Ánátótì, ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, wòlíì fúnra rẹ̀ sì wà ní àtìmọ́lé. Ọlọ́run ló ní kí ó rà á, láti fi hàn pé àwọn ènìyàn yóò tún ra ilé àti oko ní ilẹ̀ náà. Ẹni tí Ọlọ́run rán ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a lè rò pé kò nílò ìwé. Ṣùgbọ́n Jeremáyà kò fi ìgbàgbọ́ rọ́pò ìwé. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun márùn-ún.

1. Ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Hanamẹ́lì, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, ló ni oko náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù. Bí ọmọ ẹbí kan lásán bá dá ilẹ̀ ẹbí tà, òfin kò ka títà náà sí rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé e. Nítorí náà, ẹ rí olórí ẹbí àti àṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì tọwọ́ bọ̀wé. Ní Èkó, òfin ọdún 2016 ka fífi ipá gba ilẹ̀ àti títa ilẹ̀ kan náà fún ẹni méjì sí ọ̀ràn. Síbẹ̀, ó sàn kí a má kó sínú ẹjọ́ rárá.

2. Ó mọ ibi tí ó ń rà. Ará Ánátótì ni Jeremáyà. Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà fúnra yín, kí ẹ sì tún lọ nígbà òjò kí ẹ lè mọ̀ bóyá omi ń gbà á. Ẹ bi àwọn tó ń gbé itòsí léèrè. Ẹ béèrè ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pulọ́ọ̀tì ju pulọ́ọ̀tì lọ: ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100, ní Èkó, 60 ní 120 ni ọ̀pọ̀ ń lò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ lábẹ́ òfin yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹ ní kí lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín mú yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀. Ti Èkó wà ní Alausa, ti Ọ̀yọ́ wà ní Sẹkitéríàtì Agodi, ti Ògùn sì wà ní Òkè-Mọ́sàn.

3. Ó wọn owó rẹ̀. Ṣékélì fàdákà 17 ni ó wọn lórí ìwọ̀n. Ẹni tó bá ń fi ₦20,000 pamọ́ lóṣooṣù ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò ní ₦240,000 lọ́dún kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ra ilẹ̀, ẹ má sì yá owó èlé. Ẹ rántí pé iye ilẹ̀ nìkan kọ́ ni owó: ti àgbẹnàsọ, ti lọ́yà, ti wíwọn ilẹ̀ àti ti ẹbí wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ṣáájú.

4. Ó kọ ìwé, ó sì pe ẹlẹ́rìí. Rìsíìtì nìkan kò tó. Ẹ gba ìwé àdéhùn tí lọ́yà kọ àti ìwé sọ́fè. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti ní C of O, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí títà rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

5. Ó pa ìwé mọ́. Inú ìkòkò amọ̀ ni Bárúkù kó ìwé náà sí kí ó lè pẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé mọ ibi tó wà. Ẹ má sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ lófo: ẹ gbin àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ sí i títí agbára yóò fi ká kíkọ́ yàrá àti pálọ̀ tí a lè fi háyà.

Orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Nínú àṣà ìbílẹ̀ wa, àwọn ọmọ ló ń jogún bàbá wọn. Aya kì í jogún ọkọ. Obìnrin tó fi èrè ọjà rẹ̀ ra ilẹ̀ pẹ̀lú ọkọ, tí orúkọ ọkọ nìkan sì wà lórí ìwé, lè di àlejò lórí ohun tó fi òógùn rẹ̀ rà lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú. Àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì márààrún kò dákẹ́. Wọ́n lọ bá Mósè, Ọlọ́run sì dá wọn láre (Númérì 27). Kì í ṣe ọ̀tẹ̀ ni kí aya ní kí orúkọ méjèèjì wà lórí ohun tí méjèèjì jọ rà. Ẹ fi ìfẹ́ àti ọ̀wọ̀ bá baálé yín sọ ọ́ nígbà tí ara le, tí inú sì dùn, kí ó má di ohun tí a ń fi omijé sọ níwájú àwọn ẹbí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ló dé tí Jeremáyà fi pe ẹlẹ́rìí nígbà tó mọ̀ pé Ọlọ́run ló rán òun?
2. Ta ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títa ilẹ̀ ẹbí?
3. Báwo ni ìdàpọ̀ wa ṣe lè ran àwọn opó tí kò ní ìwé ilẹ̀ wọn lọ́wọ́?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wa wá ìwé ilẹ̀ tàbí ilé rẹ̀ jáde, kí ó sì wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní ojú tó ń wò kí ọwọ́ tó sanwó. Bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, gbèjà àwọn opó wa, má sì jẹ́ kí á fi ohun ẹlòmíràn ṣe tiwa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.